Ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ṣé ẹ lè kọ ọ́? Bí òbí àti ọmọ ṣe lè jọ kọ́ àkọtọ́

"Oko mi ti baje." Bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìfi àmì sí i, kí ni ẹ máa rò? Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà. Ó lè jẹ́ oko tó dá. Ó sì lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló ti ń hu ìwàkiwà.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni Yorùbá yọ̀ mọ́ lẹ́nu, àmọ́ tí ó bá di ká kọ ọ́ sílẹ̀, wàhálà dé. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé nìkan ni púpọ̀ nínú wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ nílé ẹ̀kọ́.

Kí ló dé tó fi di iṣẹ́ òbí?

Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa lò. Ohun tí ọmọ bá kọ́ nílé ti wá ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àkọtọ́ ti yí padà

Ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ l'Ékòó lọ́dún 1875. Lọ́dún 1974, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí èyí tí à ń lò lónìí.

Nítorí náà, tí ẹ bá ṣì ń kọ "aiye", "enia" àti "yio", ti àtijọ́ lẹ ń kọ. "Ayé", "ènìyàn" àti "yóò" ló kù báyìí.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ɛ ni wọ́n ń lò fún ẹ, ɔ fún ọ, sh fún ṣ, kp fún p. Ọmọ tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ kò ṣìṣe.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò

Dò, re, mí ni ohùn Yorùbá. Kí ẹ tó fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ kùn ún bí orin. Igbá tí à ń fi bu omi jẹ́ re mí. Igba tó jẹ́ 200 jẹ́ re re. Ìgbà tó ń lọ jẹ́ dò dò.

Ìlànà mẹ́ta yìí náà á ràn yín lọ́wọ́:

- Tí ẹ bá gbọ́ fáwẹ̀lì méjì, ẹ kọ méjèèjì: dáadáa, òótọ́.
- Ọn ló ń tẹ̀lé b, f, gb, p àti w: ibọn, ọgbọ́n, ìwọ̀n. Lẹ́yìn àwọn kọ́ńsónáǹtì yòókù, an ni: ìtàn, ẹran.
- Ẹ má fi n kún fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé m tàbí n: ọmọ, inú.

Báwo lẹ ṣe máa kọ́ ọmọ?

Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kó mọ̀ pé ọlá tó wà nínú orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀la tí à ń retí. Ẹ jẹ́ kó máa pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó.

Tó bá ṣì í kọ, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní kó ka ohun tó kọ síta. Tó bá kọ "ìgbá" tí à ń jẹ síbi "igbá" omi, etí rẹ̀ á sọ fún un.

Fún ẹ̀yin òbí, Gboard lórí fóònù ní bọ́tìnì Yorùbá tó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹ máa fi kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan péré lójúmọ́, kí ọmọ sì bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́.