Ẹjọ́ Ilẹ̀ àti Ìtàn Ìdílé ní Kentucky

Ní ọdún 1779, nígbà tí Kentucky ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ Virginia, òfin fún ẹni tí ó ti tẹ̀dó síbẹ̀ ṣáájú ọdún 1778 ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ 400 éékà. Ìjọba kò kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ náà. Igi tí a fi àáké sàmì sí àti etí odò ni ààlà. Nítorí náà, ẹni méjì tàbí mẹ́ta a máa gba ìwé lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù ilẹ̀ wọn. Daniel Boone, ọdẹ olókìkí nì, kò yọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn náà ni ó pa ìtàn wọn mọ́. Ilé ẹjọ́ a máa pe àwọn àgbà tí ó kọ́kọ́ dé láti jẹ́rìí. Akọ̀wé a sì máa kọ ọjọ́ orí wọn, ọdún tí wọ́n dé, àti àwọn tí wọ́n jọ rìn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí kò mọ̀wé wà níbẹ̀ títí di òní.

Kí ẹni tí ń wá ìran rẹ̀ má ṣe ka ìdájọ́ nìkan. Ẹ̀rí gan-an ni kí ó kà, kí ó sì wádìí èrè tí ẹlẹ́rìí ní nínú ẹjọ́ náà. Kí ó sì rántí àwọn tí òfin pa lẹ́nu mọ́: ẹrú aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ jẹ́rìí lòdì sí òyìnbó. Bí orúkọ rẹ̀ bá yọ nínú ìwé wọ̀nyí, ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti jáde.