Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Àtijọ́: Kí Á Tó Sọ Pé Ó Ti Kú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, inú ilé tiwa gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan wà nílé wa, oníbáàfù méjì. Èkó ni bàbá wa ti rà á ní 1981. Báàfù kan ń fọ aṣọ. Èkejì, tí agbọ̀n oníhò wà nínú rẹ̀, ló ń fún un. Ó ṣiṣẹ́ fún wa títí, àfi bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Bí a bá tan iná sí i, á kàn máa kùn hùn-ùn, kò ní yí. La bá gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, a fi tapólì bò ó, ó sì di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọwọ́ ni Ìyá àwọn ọmọ fi ń fọ aṣọ ilé, ọwọ́ náà ló sì fi ń fọ aṣọ tábìlì àti aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní búkà. Nígbà tó yá, ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè ro ọkà dáadáa mọ́. Ẹni tó ń ta oúnjẹ, tí kò lè ro ọkà, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọjà ń lọ.

A gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ́dọ̀ Akọ̀wé ẹgbẹ́, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun la fẹ́ rà. A ti rí onídùúró méjì. Akọ̀wé wa, ìyá àgbà ni, ojú rẹ̀ sì ti rí ọjà. Ó wo fọ́ọ̀mù náà, ó wo ojú wa, ó ní, "Èyí tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

A ní, "Ó ti kú, mà."

Ó ní, "Ta ló wò ó tó ní ó kú? Kí ló pa á?"

Ẹnu wa wọhò. Kò sẹ́ni tó wò ó. Àwa la pè é lókùú, àwa náà la sì sin ín. Ìyá dá fọ́ọ̀mù padà fún wa, ó ní kí á lọ wò ó ná. Bó bá kú lóòótọ́, kí á padà wá, òun á bá wa gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀. Ká má parọ́, inú bí wa lọ́jọ́ náà.

ÌDÍ TÍ Ó FI YẸ NÍ TÍTÚNṢE

Kí á tó sọ bí a ṣe tú u, ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí irú ẹ̀rọ yìí fi bá ilẹ̀ wa mu. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Hoover bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ ní ìlú Merthyr Tydfil, ní ilẹ̀ Wales, ní 1948, ẹ̀rọ lásán ló ń fọ aṣọ. Ọwọ́ ènìyàn ló ń yí ohun tó ń fún un, tó wà lórí ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ti oníbáàfù méjì dé, agbọ̀n tó ń fò yípo gba iṣẹ́ ọwọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tó ń dá ohun gbogbo ṣe wá gba ọjà ní ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń dá ohun gbogbo ṣe ń fẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń tú jáde dáadáa, ó sì ń fẹ́ iná tí kò ní lọ láàárín iṣẹ́. Ti oníbáàfù méjì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń pọn omi sí i. Omi ọṣẹ tó fọ aṣọ funfun lè fọ aláwọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí iná bá lọ, a ó dúró dè é. Bó bá dé, a ó máa bá iṣẹ́ wa lọ. Nǹkan inú rẹ̀ kò sì pọ̀: mọ́tọ̀ méjì, bẹ́líìtì kan, táímà, kapásítọ̀, àti àwọn rọ́bà. Ohun tí ojú lè rí, ọwọ́ lè tún un ṣe.

OHUN TÍ A BÁ NÍNÚ RẸ̀

A bẹ ọ̀gá rewáyà kan ládùúgbò wa pé kó wá dúró tì wá. Kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan, ó yọ pílọ́ọ̀gù kúrò lára ògiri, ó sì fi í sí àpò rẹ̀. Ó ní bí pílọ́ọ̀gù bá wà lápò òun, kò sí ọmọdé tó lè tan iná sí òun lórí.

Ó ka àwo irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ó ní ibẹ̀ ni kí ẹni tó bá ra àlòkù kọ́kọ́ wò. Iná tiwa ní Nàìjíríà, 230V ni, 50Hz. Ti Amẹ́ríkà, 120V ni, 60Hz. Ẹni tó bá ki ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bọ iná wa tààrà, mọ́tọ̀ ló fẹ́ sun jẹ yẹn. Tiwa bá a mu, a dúpẹ́.

Ó ní kí á fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ báàfù ìfọṣọ. Ó yí wẹ́rẹ́. Ó ní, "Kò há. Ẹ jẹ́ ká wo inú." A dojú ẹ̀rọ dé lórí ẹní, a tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí a bá níbẹ̀ nìyí.

Bẹ́líìtì tó so mọ́tọ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ti gbó, ó ń dán bí awọ, ó sì ti là káàkiri. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn la mú lọ sọ́jà. Nígbà tí a fi tuntun sí i, a tú bóòtù tó di mọ́tọ̀ mú díẹ̀, a fà á títí bẹ́líìtì náà fi le níwọ̀nba, a sì tún un dì. Bó bá le jù, á ba bẹ́ríǹ jẹ́. Bó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀.

Kapásítọ̀ ti wú bí ẹni tó jẹun yó. Ohun kékeré yìí ló ń ta mọ́tọ̀ jí. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, mọ́tọ̀ á kàn máa kùn, kò ní lè gbéra. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí tiwa fi ń kùn! Ẹ fetí sí èyí o: kapásítọ̀ lè mú iná dání lẹ́yìn tí a ti yọ pílọ́ọ̀gù. Ọ̀gá wa kò fi ọwọ́ kàn án títí ó fi fa iná inú rẹ̀ tán. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Iye tó wà lára ti àtijọ́ gẹ́lẹ́ ni kí tuntun náà jẹ́. Agbára fóòtì tí a kọ sí i kò sì gbọdọ̀ dín sí ti àtijọ́.

Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ti dí pátápátá. Bọ́tìnnì mọ́kànlá la bá níbẹ̀, píìnì irun mẹ́ta, kọ́bọ̀ kan, àti òwú aṣọ tó ti dì bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ìdọ̀tí funfun tí omi kànga fi sílẹ̀ lára báàfù, ọtí kíkan tí wọ́n ń pè ní fínígà la fi bó o. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da fínígà àti bílíìṣì pọ̀ láé. Èéfín olóró ló ń jáde níbẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ọ̀SÁN ỌJỌ́ TÍ Ó YÍ

Ní Sátidé kejì, a so ohun gbogbo padà, a tan iná sí i. Ó yí! Ó yí sọ́tùn-ún, ó dúró, ó yí sósì. Àwọn ọmọ hó yèè. Ìyá àwọn ọmọ ti gbé aṣọ dé, ó ti bu ọṣẹ sọ́wọ́. Ọ̀gá rewáyà nawọ́, ó ní, "Ẹ dúró, mà. Ẹ̀rọ tó ń yí kò tíì yè."

Ó mú téstà rẹ̀ jáde, ó fi kan irin ara ẹ̀rọ náà, bí agbọ̀n ṣe ń yí lọ́wọ́. Téstà tan yòò. Iná wà lára irin tí ọwọ́ ènìyàn ń kàn! Ó yára pa á, ó tún yọ pílọ́ọ̀gù.

Ó ní kí á wá wo abẹ́ agbọ̀n ìfúnṣọ. Rọ́bà kan wà níbẹ̀ tó yí ọ̀pá agbọ̀n ká, tó ń dí omi kó má baà kán sórí mọ́tọ̀ ìsàlẹ̀. Rọ́bà náà ti ya. Omi ọṣẹ ti ń kán sórí mọ́tọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìpẹtà ti bò ó, iná sì ti ń tibẹ̀ jò sí ara irin. Ó tún tọ́ka sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Wáyà aláwọ̀ ewé kan yẹ kó wà níbẹ̀, tó yẹ kó kó irú iná bẹ́ẹ̀ wọlẹ̀. Ẹnì kan ti gé e kù bí ìka kan.

Ta ló gé e? Àwa ni. A rántí dáadáa. Nígbà tí a kó wá sí ilé yìí, pílọ́ọ̀gù ẹ̀rọ náà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, wáyà náà sì dá jáde lọ́tọ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. A ní kò wúlò, ó ń kọ́ wa lẹ́sẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ìyá àwọn ọmọ wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ò rántí pé mo sọ fún yín pé ó ń ta mí lọ́wọ́?"

A rántí. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹ̀rọ náà tó dákẹ́ tí ó ti ń sọ pé bí òun bá fi ẹsẹ̀ tútù dúró, tí òun fọwọ́ kàn án, á máa ta òun ṣín-ín. Kí ni ìdáhùn wa? A ní kó máa wọ sálúbàtà rọ́bà. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn dákẹ́, tí a ń bínú sí i, bóyá ọjọ́ náà gan-an ni Ọlọ́run yọ wá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

BÍ A ṢE TÚN UN ṢE DÉLẸ̀

Sátidé méjì mìíràn ló tún gbà. Ọ̀gá gbé mọ́tọ̀ ìfúnṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wáyà rẹ̀ lákọ̀tun, ó sì fi mítà wò ó títí ó fi dá a lójú pé iná kò jò mọ́. A ra rọ́bà tuntun. A so wáyà aláwọ̀ ewé tuntun mọ́ irin ara ẹ̀rọ, a sì fa á lọ sínú pílọ́ọ̀gù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá kò dúró níbẹ̀. Ó ní wáyà tó ń kó iná wọlẹ̀, bí ilé fúnra rẹ̀ kò bá ní ilẹ̀ tó ń kó o lọ, asán ni. A lọ wo ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wáyà rẹ̀ ti já, koríko ti bò ó. A tún ìyẹn náà so.

Ohun ìkẹyìn ni bíréèkì agbọ̀n. Bí a bá ṣí ìdérí báàfù ìfúnṣọ, agbọ̀n gbọ́dọ̀ dúró kíákíá. Tiwa ṣì ń yí lọ bí òkòtó. Ọmọdé tó bá ki ọwọ́ bọ aṣọ tó ń yí bẹ́ẹ̀, apá rẹ̀ lè yí mọ́ ọn. A pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì, a sì fa okùn rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ni téstà kọ̀, tí kò tan mọ́, tí ọ̀gá sì wá ní, "Ó yá, mà, ẹ kó aṣọ yín wá."

Nígbà tí a ṣírò owó, ohun gbogbo pẹ̀lú owó iṣẹ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ owó tuntun. A padà sọ́dọ̀ Akọ̀wé, a dá fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ padà, a sì gba òmíràn fún owó kékeré tí a fi tún ilé ìdáná búkà ṣe. A ti san án tán. Ìyá náà ló ní kí á kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ẹgbẹ́, pé kí á má fi wáyà tí a gé pamọ́. Ìdí tí a fi kọ ọ́ nìyẹn.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa fi owó lé ohun tó ti tán o. Bí báàfù bá ti là, bí irin ìdúró rẹ̀ bá ti jẹrà, tí ẹ kò sì rí rọ́bà rẹ̀ lọ́jà mọ́, ẹ pe oníkọ̀ǹdẹ́m kó wá gbé e, kí ẹ sì wá gba ẹ̀yáwó yín láìtijú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó pa á. Bí ẹ bá sì tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ pé ó ń yí mú yín gbàgbé láti béèrè bóyá ó ń jò.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó wà nílé yín, ì báà ṣe ti ìfọṣọ, ì báà ṣe fíríìjì. Ẹ má tú u. Ẹ kàn wá wáyà aláwọ̀ ewé yẹn. Bí ẹ kò bá rí i, tàbí tí ẹnì kan nínú ilé bá ti sọ fún yín rí pé ó ń ta òun lọ́wọ́, ẹ má sọ fún un pé kó wọ sálúbàtà. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gù, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ iná.

Àjẹṣẹ́kù wa yóò máa pọ̀ sí i o. Àwa àti ẹ̀yin yóò sì wà láyé láti jẹ ẹ́. Ire o.