Láísẹ́ǹsì Ẹ́jẹ̀ǹtì Ìṣúránsì: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Kòsọ́fẹ́ Mọ̀

Ẹni tó mọ ọjà Mile 12 dáadáa kì í ra tòmátò lójú lásán. Yóò ti ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀, yóò fa ọ̀kan yọ láti ìsàlẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni yìí kan náà lè gba ìwé ìṣúránsì ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán lọ́wọ́ ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì, kó má sì béèrè ju iye owó lọ. Ìwé tó gbà nìkan ló ń yẹ̀ wò. Ìwé ti ẹni tó tà á fún un kò wá sí i lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, ìwé kejì yẹn ni òfin kọ́kọ́ fẹ́ rí.

Iṣẹ́ ẹ́jẹ̀ǹtì ló gbé ìṣúránsì wọ Èkó. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò òyìnbó ló ń ṣojú fún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti Lọ́ńdọ̀nù, kó tó di pé Royal Exchange Assurance ṣí ẹ̀ka tirẹ̀ síbí ní 1921. Ní 1961 ni òfin lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúránsì dé. Òfin 1997 ló dá NAICOM sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó gbogbo iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 2003, Òfin Ìṣúránsì là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ́jẹ̀ǹtì láìgba láísẹ́ǹsì.

Àwa tí a múlé ti Ṣómólú mọ ìtàn Alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn láì kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Irú orí pípé bẹ́ẹ̀ kò tó lójú NAICOM. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ́jẹ̀ǹtì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò Certificate of Proficiency tí Chartered Insurance Institute of Nigeria ń ṣètò rẹ̀. CIIN ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ yìí ní ìkékúrú. 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òfin 1993 ló sì sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ́jẹ̀ǹtì tún gbọ́dọ̀ rí ilé-iṣẹ́ ìṣúránsì tó máa yàn án ṣe aṣojú, nítorí ẹ́jẹ̀ǹtì kì í dá dúró: ilé-iṣẹ́ ló ń ṣojú fún. Ti bùrókà yàtọ̀. Òun ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ra ìṣúránsì, láísẹ́ǹsì tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kétu ló ń pe àwọn méjèèjì ní orúkọ kan náà, ìjà sì máa ń ti ibẹ̀ wá lọ́jọ́ tí òfò bá dé.

Láísẹ́ǹsì ní ọjọ́ ìparí. Bí ọjọ́ náà bá pé, ẹ́jẹ̀ǹtì gbọ́dọ̀ rínù rẹ̀ lọ́dọ̀ NAICOM kó tó tún ta ohunkóhun. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ ìparí ìwé kì í bá ọjọ́ ìparí ìmọ̀ dọ́gba. Ọjọ́ kan ni èèyàn fi ń jókòó ṣe ìdánwò. Ó lè fi ogún ọdún ta ìṣúránsì lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí CIIN fi ní ètò ẹ̀kọ́ àtìgbàdégbà tó pọn dandan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, MCPD, tí wọ́n ń lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti sẹminá fún. Ẹgbẹ́ náà tún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sí Aṣéṣé, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Láti Kétu, kò ju kéèyàn gba Ọ̀jọ́ta bọ́ sójú ọ̀nà, kó kọjá Berger àti afárá gígùn, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá gbà á láyè.

Ṣé ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ṣe ìdánwò rẹ̀ ní 2010, tí kò sì ṣí ìwé mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà yẹn, àwìn wọ́pọ̀ nínú ìṣúránsì bó ṣe wọ́pọ̀ ní ìsọ̀ aláṣọ: gba ìwé lónìí, wá san owó nígbà tí ọjà bá tà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2013, NAICOM fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ pé bí owó kò bá wọlé, ìṣúránsì kò sí. Òfin 2003 ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á sí. Ẹ́jẹ̀ǹtì tó ṣì ń ta àwìn fún ìyá alálùbọ́sà lónìí, ìwé tí kò ní ìlérí kankan nínú ló ń tà fún un.

Lẹ́yìn náà ni iye owó yí padà. Ìṣúránsì ọkọ̀ tó kéré jù lọ, èyí tó ń san òfò tí ọkọ̀ rẹ bá ṣe fún ẹlòmíràn, ti wà ní ₦5,000 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023 ó di ₦15,000, iye tó pọ̀ jù tí yóò san fún òfò dúkìá ẹlòmíràn sì di ₦3,000,000. Tírélà akẹ́rù, irú èyí tó ń kó àtaàrodo àti iṣu láti òkè Ọya wá sí Mile 12, di ₦100,000. Kẹ̀kẹ́ Márúwá di ₦5,000. Ọ̀kadà di ₦3,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò kan àwa ará ibí púpọ̀, torí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án 2022. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró kárí orílẹ̀-èdè láti wo ìwé yìí. Nígbà tí ọdún náà máa fi kọjá ìdajì, Ààrẹ Tinubu ti buwọ́ lu òfin tuntun, NIIRA 2025, tó rọ́pò òfin 2003 tó sì kó àwọn òfin àtijọ́ mìíràn pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìṣúránsì ẹ̀mí gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà báyìí, èyí tó ń ta ti ọkọ̀ àti dúkìá sì gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òfin tí ẹni 2010 kọ́ sórí kò sí mọ́.

Ohun kan wà tí kò yí padà, tí ọ̀pọ̀ ẹ́jẹ̀ǹtì kì í sì í sọ: omi. Ní oṣù Kẹwàá 2010, nígbà tí wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán, odò Ògùn kún bo Ajégúnlẹ̀ àti àyíká Mile 12, ilé di odò, ọ̀pọ̀ sì fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù. Ìṣúránsì iná lásán kì í san òfò omíyalé, àfi tí wọ́n bá kọ omíyalé kún un, kí wọ́n sì san owó lé e. Ìṣúránsì ọkọ̀ ₦15,000 náà kì í tún ọkọ̀ tìrẹ ṣe bí omi bá gbé e ní Àgbóyì. Ní tèmi o, ẹ́jẹ̀ǹtì tó bá ta ìwé ilé fún ará Kòsọ́fẹ́ láì mẹ́nu kan omi kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí láísẹ́ǹsì rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ kedere.

Ká padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Àwa náà ní Maryland lójú ọ̀nà Ìkòròdú, àmọ́ ní Maryland ti Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, wákàtí 24 ni ẹ́jẹ̀ǹtì gbọ́dọ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún méjì kó tó lè rínù; wákàtí mẹ́ta nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ràn mẹ́ta yẹn ju mọ́kànlélógún tó kù lọ.

Kí ẹ tó ra ìṣúránsì níbí, ẹ ní kí ẹ́jẹ̀ǹtì fi láísẹ́ǹsì hàn yín, kí ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ ìparí rẹ̀, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ tó ní òun ń ṣojú fún. Inú àpò ilé-iṣẹ́ náà ni kí owó lọ, kì í ṣe inú àkáǹtì ẹni tó ń ta ìwé. Tí wọ́n bá ti kó ìwé ọkọ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù kí ẹ wá a nínú àkọsílẹ̀ NIID tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúránsì ń tọ́jú. Bí nọ́ńbà ọkọ̀ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sí páàkì náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹnì kan bá sì dúró sí Ìkòsì lónìí tó ní ₦5,000 ni òun máa gbà lórí Corolla yín, ẹ wò ó dáadáa: ìwé kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń tà fún yín.