Ìwé Ẹjọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìlàlóye fún Ẹni tí Ó Ń Fẹnu Ara Rẹ̀ Rojọ́ ní Kóòtù Àpapọ̀ Amẹ́ríkà

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ìwé yìí wà fún ọmọ Yorùbá tí ó ní ẹjọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò sì gba lọ́yà, ìbáà jẹ́ òun ló pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ìbáà jẹ́ òun ni wọ́n pè. Ẹjọ́ aráàlú ni a ń sọ, kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. A ṣàlàyé bí ìwé ẹjọ́ ṣe ń dé kóòtù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ibi tó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Ìwé yìí kò lè rọ́pò ìmọ̀ràn lọ́yà. Kóòtù kọ̀ọ̀kan sì ní òfin abẹ́lé tirẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ka ti kóòtù tí ẹjọ́ yín wà.

Kí ló yí padà?

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù yóò tẹ̀ ẹ́, yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì gbé e lọ bá akọ̀wé lójú fèrèsé. Akọ̀wé yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò lù ú ní òǹtẹ̀, yóò kó o sínú fáìlì. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé náà ní láti fẹsẹ̀ rìn dé kóòtù.

Lọ́dún 1988 ni àwọn kóòtù àpapọ̀ dá ètò PACER sílẹ̀, kí ará ìlú lè máa fi kọ̀ǹpútà àti wáyà tẹlifóònù wo àkọsílẹ̀ ẹjọ́. Fífi ìwé sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ gan-an bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ní kóòtù àpapọ̀ apá àríwá ìpínlẹ̀ Ohio. Ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi tí èròjà asbestos ti ba ìlera wọn jẹ́ pọ̀ níbẹ̀ débi pé ìwé fẹ́ bo àwọn akọ̀wé mọ́lẹ̀. Ètò tí wọ́n fi gba ara wọn sílẹ̀ nígbà náà ló dàgbà di CM/ECF, ètò tí a fi ń fi ìwé sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ní kóòtù àpapọ̀. Àwọn kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2001, àwọn kóòtù àgbègbè ní 2002, àwọn kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì tẹ̀lé wọn.

Ohun tó kàn yín jù nínú àyípadà yìí ni pé akọ̀wé kọ́ ló ń kọ́kọ́ rí ìwé mọ́. Ẹni tó bá ní àṣẹ CM/ECF, bí ó bá ti tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn báyìí, ìwé rẹ̀ ti wọ àkọsílẹ̀ ẹjọ́, alátakò rẹ̀ ti gba ímeèlì, ẹnikẹ́ni tó bá ní àkáǹtì PACER sì lè kà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni akọ̀wé ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyin lọ̀rọ̀, àyẹ̀wò tó ṣe kókó ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣe kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Ṣé dandan ni fún mi?

Kì í ṣe dandan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni Òfin 5 nínú ìlànà ẹjọ́ aráàlú ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn lọ́yà. Ẹni tí kò ní lọ́yà lè lo ẹ̀rọ bí òfin abẹ́lé tàbí àṣẹ adájọ́ bá gbà á láyè. Bí kóòtù bá sì fẹ́ fi dandan mú un, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa àṣẹ tàbí òfin abẹ́lé tó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní agbára rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń wà. Àkọ́kọ́, ẹ lè gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Ìkejì, àwọn kóòtù kan ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè ju ìwé yín sí, tí akọ̀wé yóò sì bá yín kó o sínú fáìlì. Ìkẹta ni kí ẹ gba àṣẹ láti lo CM/ECF fúnra yín. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, akọ̀wé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìwé yín nítorí pé bí ẹ ṣe tò ó kò bá ìlànà mu nìkan. Ó lè sọ fún yín bí ìlànà ṣe rí, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ tàbí bóyá ẹ ó borí.

Àkáǹtì yín ni ìbuwọ́lùwé yín

Ẹ ó ṣí àkáǹtì PACER, lẹ́yìn náà ẹ ó bẹ kóòtù tí ẹjọ́ yín wà pé kí ó gbà yín láyè láti fi ìwé sílẹ̀. Àṣẹ kóòtù kan kò ṣiṣẹ́ ní kóòtù mìíràn.

Kò sí pé ẹ ń fi bírò fọwọ́ sí ìwé mọ́. Ẹ ó tẹ «s/» àti orúkọ yín sí ìsàlẹ̀ ìwé, ẹ ó sì fi í ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì yín. Méjèèjì papọ̀ ni òfin kà sí ìbuwọ́lùwé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń ní kí ọmọ tàbí ọmọ àbúrò bá wọn jókòó ti kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ọmọ náà bá ń bá yín ya ìwé sínú ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹ ka gbogbo ojú ewé fúnra yín kí ẹ tó ní kí ó fi ránṣẹ́, nítorí ohun tó bá jáde láti inú àkáǹtì yín, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ níwájú adájọ́. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé yín sórí ìwé kí ẹ fi sílẹ̀ káàkiri. Ní ti kóòdù tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù láti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ má ṣe kà á fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù.

Bí a ṣe ń fi ìwé sílẹ̀

1. Ẹ tẹ ìwé yín tán lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí PDF tààrà. Èyí sàn ju kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá kí ẹ tún wá yà á sínú ẹ̀rọ.
2. Ẹ ya àwọn ẹ̀rí bíi rìsíìtì, lẹ́tà àti àdéhùn sínú ẹ̀rọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kóòtù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí fáìlì kò gbọdọ̀ kọjá.
3. Ẹ tẹ nọ́ńbà ẹjọ́ yín, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ tó jáde bá ẹjọ́ yín mu.
4. Ẹ yan irú ìwé tí ó jẹ́. Bí ẹ bá ń bẹ adájọ́ pé kí ó ṣe nǹkan, ẹ má ṣe yan «lẹ́tà», nítorí adájọ́ lè má tètè mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń dúró dè é.
5. Ẹ ṣí fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan sí i lójú ẹ̀rọ, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn, kí ẹ tó fi ránṣẹ́.
6. Ẹ̀rọ yóò fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ọjọ́, aago, nọ́ńbà ìwé àti orúkọ àwọn tó gba ẹ̀dà wà nínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ yín nìyẹn. Ẹ tọ́jú rẹ̀.

Aago ibo là ń wò?

Ẹni tó ń gbé tákàdá lọ gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ọ́fíìsì akọ̀wé tó tì. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní àyè títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, àfi tí òfin abẹ́lé bá sọ nǹkan mìíràn. Bí àpẹẹrẹ, láti oṣù Keje ọdún 2023, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni àyè yìí ń parí ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ẹlẹ́kùn 3 ní Philadelphia.

Aago ìlú tí kóòtù wà ni òfin ń wò, kì í ṣe aago ibi tí ẹ wà. Ká ní Houston lẹ ń gbé, tí ẹjọ́ yín wà ní Baltimore: nígbà tí aago 11 alẹ́ bá lù lọ́dọ̀ yín, ọjọ́ ti parí ní Baltimore, ẹ ti pẹ́. Ká ní ẹ wá kí ìdílé ní Ìbàdàn, tí ẹjọ́ yín wà ní Houston: ọ̀gànjọ́ òru Houston ni aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Amẹ́ríkà, ó sì ń di aago 7 nígbà òtútù.

Ọjọ́ 3 tí wọ́n máa ń fi kún àkókò ẹni tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ kò sí fún ẹni tí ìwé bá ní ojú ẹ̀rọ. Wọ́n ti mú un kúrò láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2016. Bí ẹ bá gbà kí kóòtù máa fi ímeèlì kàn sí yín, ẹ máa ṣí ímeèlì náà lójoojúmọ́.

Bí ẹ̀rọ kóòtù bá dákú lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, ẹ ya fọ́tò ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ, ẹ kọ aago sílẹ̀, kí ẹ sì pe akọ̀wé. Bí ó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín ló kú, ẹ má fi ọkàn sí i pé adájọ́ yóò gbà á ní àwáwí.

Ohun tí ojú ayé kò gbọdọ̀ rí

Òfin 5.2, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2007, ní kí ẹ gé àwọn nǹkan wọ̀nyí kù nínú ìwé yín:

- nọ́ńbà Social Security àti nọ́ńbà owó orí: nọ́ńbà 4 tó kẹ́yìn nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀;
- nọ́ńbà àkáǹtì báńkì: nọ́ńbà 4 tó kẹ́yìn;
- ọjọ́ ìbí: ọdún nìkan;
- orúkọ ọmọ tí kò tíì dàgbà: lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan.

Inú ẹ̀rí tí ẹ so mọ́ ìwé ni àwọn nǹkan yìí máa ń fara pamọ́ sí ju inú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lọ. Ẹ lè ti pa nọ́ńbà rẹ́ lókè ìwé àkáǹtì báńkì, kí ó tún wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé 3, kí ó sì tún wà lábẹ́ àwòrán sọ̀wédowó. Orúkọ ọmọ lè wà lórí gbogbo ojú ewé èsì ìdánwò rẹ̀.

Àpótí dúdú tí ẹ fi bo ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó kàn bò ó lójú lásán ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, àwọn lọ́yà Paul Manafort, ọkùnrin kan tó ń jẹ́jọ́ ní kóòtù àpapọ̀, fi ìwé kan sílẹ̀ tí wọ́n ti bo àwọn ìlà kan. Àwọn akọ̀ròyìn dà wọ́n kọ láti abẹ́ àwọ̀ dúdú náà, ọ̀rọ̀ àṣírí sì wọ ìwé ìròyìn. Bí ẹ kò bá ní ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ tán nínú PDF, ẹ tẹ ìwé náà sórí tákàdá, ẹ fi tàdáwà dúdú kùn ún títí kò fi ní hàn mọ́, kí ẹ wá yà á padà sínú ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ara yín sílẹ̀ láìbò ó, tí ẹ kò sì bẹ adájọ́ pé kí ó tì í pa, òfin kà á sí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ yọ̀ǹda ààbò yẹn. Ẹ pe akọ̀wé lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá ti rí àṣìṣe.

Nínú ẹjọ́ owó ìrànwọ́ Social Security àti ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìwé ìgbélùú tó dé kóòtù àpapọ̀, àwọn tó ní ẹjọ́ nìkan ló lè ka gbogbo ìwé láti ilé. Ṣùgbọ́n ará ìlú tó bá wá sí kóòtù lè kà á lórí kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀.

Owó

Nígbà tí a ń kọ ìwé yìí, dọ́là 405 ni owó àtiṣí ẹjọ́ aráàlú tuntun ní kóòtù àgbègbè: dọ́là 350 tí òfin là sílẹ̀ àti dọ́là 55 fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Iye kan náà ni, ìbáà jẹ́ tákàdá tàbí ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá ní owó yìí lè bẹ kóòtù pé kí ó jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ sanwó. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Kíkà lórí PACER jẹ́ sẹ́ǹtì 10 fún ojú ewé kan, kò sì ní ju dọ́là 3 lọ fún ìwé kan. Bí gbogbo ohun tí ẹ kà láàárín oṣù 3 kò bá ju dọ́là 30 lọ, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí ìwé láti inú ímeèlì kóòtù jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdájọ́ àwọn adájọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ̀rọ kì í fi ìwé ìpè jíṣẹ́

Nígbà tí ẹjọ́ bá ti ń lọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹni tó ní àkáǹtì. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ìwé ìpè àti ìwé ẹ̀sùn dé ọwọ́ ẹni tí ẹ pè láàárín ọjọ́ 90. Ẹni tó bá fi jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ní ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ jíṣẹ́ fún, ọjọ́ 21 ni ẹ sábà máa ń ní láti fèsì.

Ẹ má ṣi kóòtù gbé

Kóòtù ìpínlẹ̀ kì í lo CM/ECF: Texas ní eFileTexas, New York ní NYSCEF. Kóòtù àwọn àtìpó, lábẹ́ Ẹ̀ka Ìdájọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ní ECAS, tó di dandan fún àwọn lọ́yà ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2022. Ẹ kò ní rí ìwé kóòtù yẹn lórí PACER.

Àwọn oníjìbìtì náà ti mọ̀ pé kóòtù ń fi ímeèlì kàn sí ènìyàn. Kóòtù kì í pe ènìyàn lórí fóònù pé kí ó fi káàdì ẹ̀bùn sanwó kí wọ́n má baà mú un. Bí ímeèlì bá rú yín lójú, ẹ má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ wọ àkáǹtì yín fúnra yín, kí ẹ wò ó bóyá ìwé náà wà nínú ẹjọ́ yín lóòótọ́.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì

- Ṣé nọ́ńbà ẹjọ́ àti irú ìwé tí mo yàn tọ̀nà?
- Ṣé mo ti ka gbogbo ojú ewé, àti ẹ̀rí tí mo so mọ́ ọn?
- Ṣé mo ti gbìyànjú láti da ọ̀rọ̀ kọ láti abẹ́ ibi tí mo bò, tí kò sì jáde?
- Aago mélòó ló lù ní ìlú tí kóòtù wà?
- Ṣé mo fara mọ́ ọn pé kí alátakò mi, agbanisíṣẹ́ mi àti àlejò tí n kò mọ̀ rí ka ìwé yìí lónìí?

Bí ìdáhùn sí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ «rárá», ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ lọ bá akọ̀wé, kí ó sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń bẹ adájọ́ pé kí ó ti ìwé pa kí ayé má baà rí i. Ẹ̀bẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwé.