Láti Ọwọ́ Ìyá dé Inú Kọ̀ǹpútà: Àkọsílẹ̀, Òdiwọ̀n àti Ẹ̀kọ́ṣẹ́ nínú Ètò Ìlera Ọmọdé

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni àjọṣe tí ó wà láàrin nǹkan mẹ́ta tí a sábà máa ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ètò ìlera. Èkíní ni àkọsílẹ̀, èyí tí í ṣe gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera kọ sílẹ̀ nípa ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú. Èkejì ni òdiwọ̀n, èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá ohun tí a kọ sílẹ̀ dára tàbí kò dára. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ṣẹ́, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ ẹni tí yóò kọ ọ́ àti ẹni tí yóò kà á. Èrò wa ni pé àkọsílẹ̀ kò lè dá sọ̀rọ̀. Òdiwọ̀n ni ó ń fún un ní ìtumọ̀, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó sì ń sọ ìtumọ̀ náà di ìtọ́jú. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta tí a kà yìí, ọbẹ̀ yóò dànù, ọmọdé ni ebi náà yóò sì pa.

A ó fi káàdì ìdàgbàsókè ọmọdé ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí a ti gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó tàn ká ayé. Èkejì ni pé ìtàn káàdì náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ìlera kan èdè àti àṣà gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ìṣègùn, èyí tí ó mú kí ó yẹ ní àgbéyẹ̀wò nínú ẹ̀ka irú tiwa yìí.

2.0 Káàdì Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé

Ní 1956 ni David Morley, oníṣègùn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1961. Láti 1957 ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn, láti ìgbà ìbí wọn títí tí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Iṣẹ́ náà fi hàn pé àwọn àrùn tí ó ń pa ọmọdé kò pọ̀ níye: èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ibà àti àìjẹunrekánú. Ó sì tún fi hàn pé ìwọ̀n ọmọ a máa dúró sójú kan, tàbí kí ó máa já wálẹ̀, kí ojú tó rí i pé nǹkan ṣe ọmọ náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wọn ọmọ lóṣooṣù lè rí ewu kí ewu tó fara hàn.

Orí èyí ni a gbé káàdì náà lé. Ohun mẹ́ta ni ó mú un yàtọ̀ sí fáìlì ilé-ìwòsàn.

(a) Ọwọ́ ìyá ni ó ń wà. A fi í sínú àpò ọ̀rá, ìyá á sì gbé e lọ síbikíbi tí ó bá ń gbé ọmọ lọ. Bí ìyá bá kó kúrò ní Ìmẹ̀sí-Ilé lọ sí oko kòkó tàbí sí Ìbàdàn, àkọsílẹ̀ bá a lọ. Fáìlì ilé-ìwòsàn ní tirẹ̀ a máa dúró sórí pẹpẹ, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń ṣàìsàn níbòmíràn.

(b) Oṣù tí a bí ọmọ ni a kọ́kọ́ ń kọ sí àpótí àkọ́kọ́, a ó sì to àwọn oṣù yòókù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí, kò sí ìdí fún nọ́ọ̀sì láti máa ṣírò ọjọ́-orí. Oṣù tí a wà ni yóò wò lórí káàdì. Níbi tí a kò bá ti kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, a máa ń fi ohun tí ìlú mọ̀ wá a kàn: ọdún ìbílẹ̀ wo ni, ṣé ṣáájú iṣu tuntun ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, ta ni ó wà lórí oyè nígbà náà.

(d) A fa ìlà méjì sí i lára. Ìlà òkè ń tọ́ka sí ìwọ̀n àárín gbùngbùn fún àwọn ọmọkùnrin, ti ìsàlẹ̀ sì ń tọ́ka sí ibi tí ó jẹ́ pé mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àárín ìlà méjèèjì ni ọ̀nà tí ó yẹ kí ọmọ máa tọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe káàdì náà ní Ọ̀nà sí Ìlera. Orúkọ yìí ṣì ń bẹ lára ìwé ìlera ọmọdé ní ilẹ̀ South Africa di òní.

3.0 Ọ̀rọ̀ Òdiwọ̀n

Ìbéèrè tí ó kàn ni pé: ọmọ ta ni a wọ̀n kí a tó fa ìlà méjì náà? Ìdáhùn rẹ̀ kò kéré. Ó yẹ kí a ya oríṣi òdiwọ̀n méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ń sọ bí àwọn ọmọ kan ti rí ní àkókò kan, ní ibì kan. A ó pe èyí ní òdiwọ̀n-àfiwé. Èkejì ń sọ bí ó ti yẹ kí ọmọ dàgbà bí ohun gbogbo bá pé. A ó pe ìyẹn ní òdiwọ̀n-àmúyẹ. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, a ó gba ìṣe àwọn ènìyàn kan gẹ́gẹ́ bí òfin fún gbogbo ayé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Òdiwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé gbà lò láti òpin àwọn ọdún 1970 jẹ́ èyí tí a ṣe jáde ní Amẹ́ríkà ní 1977. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí a lò fún un wá láti agbègbè kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ Ohio, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé wàrà inú agolo ni a fi bọ́ wọn. Ọmọ tí ó ń mu ọmú nìkan a máa tètè wúwo ní oṣù bíi méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò rọra máa dàgbà. Bí a bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sórí òdiwọ̀n ti 1977, yóò dà bí ẹni pé ó ti ń rù láti bí oṣù kẹrin, bẹ́ẹ̀ sì ni ara rẹ̀ le koko. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó gbọ́ràn sí ìlà náà lẹ́nu lè sọ fún ìyá pé ọmú rẹ̀ kò tó, kí ó fi ẹ̀kọ tàbí wàrà kún un. Níbi tí omi kò ti mọ́, ìmọ̀ràn yẹn lè fa ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ gbuuru sì lè pa ọmọ. Kò sẹ́ni tí ó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọmọ dáadáa, ó kọ ọ́ dáadáa. Òdiwọ̀n ni kò bá ọmọ mu.

Nítorí èyí ni àjọ ìlera àgbáyé fi ṣe ìwádìí mìíràn láàrin 1997 àti 2003. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti ṣe é: Brazil, Ghana, India, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 8,500 ọmọ ni wọ́n lò, wọ́n sì yan ìdílé tí ìyá kò ti ń mu sìgá, tí wọ́n sì ń fi ọmú bọ́ ọmọ. Ní 2006 ni wọ́n gbé òdiwọ̀n tuntun jáde. Ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé gígùn àwọn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, bí ìtọ́jú wọn bá ti dọ́gba. Òdiwọ̀n-àmúyẹ ni èyí, ó sì fi hàn pé kíkúrú tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń kúrú kì í ṣe àbùdá ẹ̀yà.

4.0 Ọ̀rọ̀ Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Bí òdiwọ̀n bá tilẹ̀ dára, ẹni tí yóò kà á ṣì kù. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ méjì wà ní ibi ìwọnmọ kan. Méjèèjì pé oṣù méjìlá, méjèèjì sì wọn kílò 8. Ní oṣù kẹsàn-án, kílò 7 ni ti àkọ́kọ́, kílò 9 sì ni ti èkejì. Lórí òdiwọ̀n 2006, kò sí èyí tí ó bọ́ sábẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ lónìí. Akọ̀wé tí a kọ́ láti máa ka iye ọmọ tí ó wà lábẹ́ ìlà kò ní ka ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ àkọ́kọ́ ń gòkè bọ̀, ìyìn ni ó yẹ ìyá rẹ̀. Ọmọ kejì ti pàdánù kílò kan láàrin oṣù mẹ́ta, ó sì yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ibi tí ìlà ọmọ dorí kọ ṣe pàtàkì ju ibi tí ó dé lọ.

Mímọ èyí gba ẹ̀kọ́. Nígbà tí àjọ UNICEF sọ ìwọnmọ di ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ ìpolongo rẹ̀ fún ẹ̀mí ọmọdé ní 1982, káàdì tàn ká orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn aláríwísí fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì sí káàdì, wọ́n sì ń dá ìyá padà sílé láìbá a sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìwọ̀n ti di iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Nínú èrò tiwa, ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó kọ́ni bí a ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, tí kò kọ́ni bí a ti ń fi í pinnu, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni.

Ní Nàìjíríà, òfin kan tí ó jáde ní 1989 dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa fi orúkọ àwọn olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera sílẹ̀ àti láti máa bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Ìgbésẹ̀ pàtàkì ni, nítorí ó sọ olùtọ́jú fáìlì di oníṣẹ́ tí ó ní ìlànà. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń wọn ọmọ ní ìgbèríko kì í sábà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tàbí òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ni, ó sì lè ní ogójì ìyá níwájú rẹ̀ láàárọ̀ kan.

5.0 Ọ̀rọ̀ Èdè

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka wa gan-an. Ìyá kì í mú orúkọ àrùn wá bí ó ti wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn. Ó lè wí pé ara ọmọ gbóná, pé gìrì mú un, tàbí pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tí ó jókòó sídìí rẹ́jísítà ni yóò sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí fọ́ọ̀mù gbà. Bí ó bá gbọ́ 'ara gbóná' tí ó sì kọ ibà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibà ni yóò jẹ́ títí dé Àbújá. Jẹ̀díjẹ̀dí tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn, ó sì lè jẹ́ ìdí yíyọ. Ìtumọ̀ èdè ni akọ̀wé ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ìtumọ̀. Ìwé ìsọ̀rí àrùn àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, fi ààyè sílẹ̀ fún ìṣègùn ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹ̀ láti ilẹ̀ China àtijọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ti Yorùbá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bí i gan-an ni ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́. Orúkọ ìyá ni wọn yóò fi kọ abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti ní orúkọ tirẹ̀, ó sì lè ju ẹyọ kan lọ. Bí a kò bá so àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọmọ kan yóò di méjì nínú ìwé. Bí ìbejì bá wà nínú ọ̀ràn, a lè rí Táíwò mẹ́rin ní àdúgbò kan. Ètò tí kò ro ti ìsọmọlórúkọ mọ́ ọn yóò máa ṣàṣìṣe láìmọ̀.

6.0 Kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Àwọn kan lè rò pé kọ̀ǹpútà yóò tán ìṣòro wọ̀nyí. Iṣẹ́ ti wà lórí rẹ̀ nílẹ̀ wa tipẹ́. Ní 1989 ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, àti Yunifásítì Kuopio ní Finland jọ bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan fún àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Orí ètò tí ilé-ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun tí ó ti fẹ̀yìn tì ń lò ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe kí ó lè bá ibí mu. Lónìí, ètò DHIS2, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní South Africa àti Yunifásítì Oslo ní àwọn ọdún 1990, ni Nàìjíríà fi ń kó iye jọ láti ìjọba ìbílẹ̀ 774.

Kò sí iyè méjì pé èyí mú kí iye yára dé òkè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ kejì wa, ẹni tí ó pàdánù kílò kan. Iye ni fọ́ọ̀mù oṣù ń gbà. Kò gba ibi tí ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan dorí kọ. Ọmọ náà ti sọnù nínú ètò kí kọ̀ǹpútà tó rí i. Orí káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ni a ti lè rí i. Ìdí nìyí tí a fi rò pé kò yẹ kí ètò ńlá gba ipò ti kékeré: ìjọba nílò iye láti fi pín abẹ́rẹ́ àti owó, nọ́ọ̀sì nílò ìlà láti fi gba ẹ̀mí là.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àkọsílẹ̀, òdiwọ̀n àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò ṣe é yà nípa. Láti inú èyí, a dábàá ohun mẹ́ta. Kí a máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí a ti ń ka ìlà, kí a sì fi ohun tí wọ́n bá sọ fún ìyá dán wọn wò. Kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùtọ́jú àkọsílẹ̀ àti àwọn ẹ̀ka èdè jọ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ àìsàn ní Yorùbá, pẹ̀lú ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìyá kí a tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lákòótán, kí iye tí ó gòkè lọ máa padà sọ̀ kalẹ̀ wá bá ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó lè mọ ohun tí a fi í ṣe. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó rí èso iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ó bá wù ú.