Ìlú Kan, Orúkọ Mẹ́ta: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A To Àkọsílẹ̀ Ibi Ìbẹ̀wò Sínú Kọ̀ǹpútà

Àlejò tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kútọnú, tó sì fẹ́ mọ ibi tí àwọn Yorùbá wà ní orílẹ̀-èdè Benin, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi léèrè. Bí ó bá tẹ "Àjàṣẹ́", tí fóònù sì dá a lóhùn pé òun kò rí nǹkan kan, yóò rò pé kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú náà sì wà: òun ni Porto-Novo, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀nà tí a gbà to àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ló lè fa irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. A fẹ́ ṣàlàyé ètò tó wà lẹ́yìn àkọsílẹ̀ ibi ìbẹ̀wò, nítorí pé ó kan ohun àjogúnbá wa gan-an.

Nọ́ńbà ló ń ṣáájú orúkọ

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà la ó kọ́kọ́ fún ọmọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni orúkọ Porto-Novo ti wá, Hogbonu ni àwọn Ẹ̀gùn ń pè é, Àjàṣẹ́ ni ti Yorùbá. Bí ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà bá fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀ fún orúkọ, ọ̀kan yóò wọlé, méjì yóò dúró síta. Ti Kétu tún yàtọ̀: Kétu ìlú ọba wà ní Benin, tí wọ́n ń kọ ní "Kétou" lédè Faransé, Kétu mìíràn sì wà ní Èkó. Ẹ̀rọ tó bá ń fi orúkọ dá ibi mọ̀ yóò da méjèèjì pọ̀.

Ohun tó tọ́ ni kí ibi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kì í yí padà, kí àtẹ mìíràn sì gba gbogbo orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú èdè tí a fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Wikidata, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ṣe ń ṣe é nìyẹn: ohun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q. OpenStreetMap, máàpù tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, náà ní àyè fún orúkọ lédè Yorùbá. "Name:yo" ni wọ́n ń pe àyè ọ̀hún.

Lẹ́tà àti àmì ohùn

Lójú wa, lẹ́tà kan ni "ẹ́" tó kẹ́yìn Àjàṣẹ́. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún un. Ẹnì kan lè mú "ẹ" kí ó fi àmì lé e lórí. Ẹlòmíràn lè mú "é" kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Benin sì ní álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ìbílẹ̀ rẹ̀ láti 1975, níbi tí ɛ ti dúró fún ẹ, ɔ fún ọ, tí sh sì dúró fún ṣ. Nítorí náà, sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé wọ̀nyí di ọ̀kan kí ó tó wá ọ̀rọ̀, kí ẹni tó tẹ "Ajase" lásán náà lè dé Àjàṣẹ́. Orúkọ tí àmì rẹ̀ pé ni kí ó sì fi hàn án.

Ibi, ohun ìní àti àkókò

Kò dára kí a kó ohun gbogbo sínú àkọsílẹ̀ ibi. Ẹ wo àwọn ohun ìní ààfin Abomey tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó lọ ní 1892. 26 nínú wọn padà dé sí Kútọnú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, a sì pàtẹ wọn níbẹ̀ ní 2022. Abomey ni orírun wọn, Paris ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, Kútọnú ni wọ́n wá bọ̀ sí. Ohun ìní gbọ́dọ̀ ní àtẹ tirẹ̀, kí a lè kọ ibi tó ti wá, ibi tó gbà kọjá àti ibi tó wà báyìí.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà nìyẹn, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ní 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é nígbà ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn. Àyè tó ń béèrè ọjọ́ kan nínú oṣù kan kò lè gbà á. Ọdún ìbílẹ̀ nílò àtẹ tó lè so mọ́ ìlú púpọ̀, tó sì fàyè gba ọ̀rọ̀ bí "lẹ́yìn ìkórè".

Ta ló sọ ọ́, ta ló lè rí i?

Kí àlàyé kọ̀ọ̀kan máa gbé orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìgbà tó sọ ọ́ dání. Bí ìdílé méjì bá ní ìtàn méjì nípa ẹni tó tẹ ìlú kan dó, kí àkọsílẹ̀ gba méjèèjì. Kọ̀ǹpútà kọ́ ni yóò dájọ́.

Àwọn igbó àti ojúbọ kan wà tí kì í ṣe gbogbo ojú ló gbọ́dọ̀ rí wọn. Láti ìpìlẹ̀ ètò ni kí a ti kọ ẹni tó lè rí kiní náà. Bí a bá ti gbé ojúbọ sórí máàpù, ẹ̀dà rẹ̀ lè ti tàn ká kí a tó rántí yọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti olùwádìí, bí ẹ bá ń kó orúkọ jọ ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Ìtakété, ẹ kọ ọ́ tàmì-tàmì, ẹ kọ bí àwọn aládùúgbò wọn ṣe ń pè é, kí ẹ sì kọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín. Bí àwa tí a mọ orúkọ ilẹ̀ wa kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, èyí tí Faransé kọ nìkan ni ẹ̀rọ yóò máa fi han àwọn ọmọ wa.