Fàyàwọ́ Ló Wó Rapture

Nínú géèmù BioShock, tí Ken Levine ṣáájú àwọn tó ṣe é jáde ní 2007, ìlú kan wà lábẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní Rapture. Olówó kan, Andrew Ryan, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1946 fún àwọn ọ̀jáfáfá tí kò fẹ́ kí ìjọba tàbí àlùfáà pín nínú èrè òógùn wọn. Nígbà tí ẹni tó ń gbá géèmù náà bá máa débẹ̀ ní 1960, omi ti ń ya wọlé, àwọn ará ìlú sì ti ya wèrè, wọ́n ń pa ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa di ẹ̀bi ru Frank Fontaine, ẹlẹ́tàn tó fẹ́ gba ìlú lọ́wọ́ Ryan. Ọ̀dájú ni Fontaine lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí Ryan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló sọ ọ́ di alágbára, irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀.

Ryan ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ayé òkè ṣòwò, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí ìlú òun wà. Àwọn ará ìlú ṣì ń wá ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Fontaine ní ilé iṣẹ́ ẹja, ọkọ̀ abẹ́ omi tó yẹ kó lọ kó ẹja ló sì ń bá wọn kó ẹrù bọ̀. Ẹni tó bá wọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹrù fàyàwọ́ ọ̀hún á bá Bíbélì àti àgbélébùú níbẹ̀. Bíbélì, ẹ jọ̀ọ́! Ibi òwò yìí ni Fontaine ti lówó tó fi dá ilé iṣẹ́ oògùn sílẹ̀, tó sì fi ṣí ilé fún àwọn òtòṣì tí yóò jà fún un. Ryan wá ń so onífàyàwọ́ kọ́. Nígbà tó di 1958, òun tó ní ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dúkìá ẹnikẹ́ni ló gba ilé iṣẹ́ Fontaine.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba fòfin de kíkó ìrẹsì gba orí ilẹ̀ wọlé ní 2016, ó sì kan ọkọ̀ ní January 2017, kí gbogbo rẹ̀ lè máa gba èbúté bí Àpápá àti Tin Can kọjá. Ní August 2019 wọ́n ti bodè pa, ó di December 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Òfin kò gba aṣọ òkìríkà wọlé rárá, síbẹ̀ ọjà wo l'Ékòó la ò ti rí i? Ẹnìkan lè ní àgbẹ̀ onírẹsì ni wọ́n ń dáàbò bò. Ó tọ̀nà, Ryan kò tilẹ̀ ní àgbẹ̀ kankan tó ń gbèjà. Ṣùgbọ́n bí ìrẹsì ilé kò bá tíì pọ̀ tó sì wọ́n, ẹni tó mọ ọ̀nà inú igbó ni èrè rẹ̀ ń bọ́ sí lápò.

Ẹlòmíràn á ní ìṣubú Rapture kò kan títi bodè, pé ìlú àlá kankan kì í dára. Ó lè tọ́ka sí BioShock 2 ti 2010, níbi tí Sofia Lamb ti ń wàásù òdìkejì Ryan, pé ti gbogbogbòò ni ohun gbogbo, tí Rapture kò sì gbádùn. Kí onítọ̀hún wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ (Holy Apostles) dá sílẹ̀ ní 1947, ọdún kan péré lẹ́yìn Rapture inú ìtàn. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń dá owó ní níbẹ̀. Síbẹ̀ ìlú náà rọ́wọ́ mú fún nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n sì ti ń tan iná mànàmáná ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Ẹja wọn ń jáde lọ sọ́jà, ẹ̀rọ ń wọlé. Àìgbọ́ra-ẹni-yé àti òkun tó ń jẹ ilẹ̀ ló wá dà wọ́n láàmú, kì í ṣe fàyàwọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá géèmù yìí, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí àwọn onífàyàwọ́ ń kó ẹrù sí, ẹ má kàn yìnbọn kọjá. Ẹ yẹ inú àpótí wọn wò.